Yoshikimono: Iṣẹ́ Ọmọ Oníkìmónò Tí Ó Di Onílù, Lójú Aránṣọ Ìjẹ̀bú-Òde

Yoshikimono ni orúkọ tí Yoshiki, olórí ẹgbẹ́ olórin X Japan, fún ilé oge tí ó dá sílẹ̀ láti tún kìmónò, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Jàpáànì, ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ òde òní lè máa wọ̀ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Mo jókòó ti àwọn fídíò ìpàtẹ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe níbi Ọ̀sẹ̀ Oge Tokyo ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, mo sì fi ojú ẹni tí ó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun wò wọ́n. Kí n má fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: aró àti àwòrán orí aṣọ náà dára púpọ̀, ọ̀nà tí ó ní kí a máa gbà wọ̀ ọ́ dára dé ìdajì, ìyókù jẹ́ aṣọ orí ìtàgé, tí n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé lọ sí òde ìyàwó.

Ìlú Tateyama ní ẹkùn Chiba ni wọ́n bí Yoshiki sí ní 1965, àkọ́bí sì ni nínú ìdílé tí ó ń ta kìmónò. Ẹni tí ó bá dàgbà lẹ́yìn ìsọ̀ aláṣọ ní ọjà Òkè-Àjẹ́ kò nílò àlàyé lórí èyí, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ti mọ ojúlówó aṣọ yàtọ̀ sí ayédèrú kí ó tó mọ ìwé kà. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Dùùrù ni ó kọ́kọ́ kọ́, ó wá gba ìlù mọ́ ọn, òun àti Toshi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1982. Ẹgbẹ́ náà túká ní 1997, wọ́n tún padà kóra jọ ní 2007, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó sọ ìmúra kíkankíkan, irun tí ó dúró ṣánṣán àti ojú tí a kùn dáadáa di apá kan orin rọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, kò rí bíi ti àwọn olórin tí wọ́n kàn ya orúkọ wọn lé lọ́fínńdà tàbí bàtà kí ó lè tà. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni ó padà sí, ó sì mú ariwo tí ó kó bọ̀ láti òde wọlé pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè sọ bóyá ẹnìkan tún nǹkan ṣe tàbí ó bà á jẹ́, ó yẹ kí ó mọ bí nǹkan náà ti rí tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Osaka mú ògbólógbòó kìmónò obìnrin kan bọ̀ fún mi, aṣọ ṣẹ́dà aláwọ̀ ewé tí ó ti ṣá díẹ̀ ní èjìká. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Fọlágbadé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kò sí ibi tí wọ́n ti gé e ní kọrọdọ. Ègé gbọọrọ mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀: méjì fún ara, méjì fún apá, méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kún iwájú kí ó lè bo ara wọn, ọ̀kan fún ọrùn, àti ọ̀kan tí wọ́n fi bo ọrùn náà lórí. Inú ìdì aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti jáde, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kì í ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36 sí 38 lọ, tí gígùn rẹ̀ sì máa ń tó mítà 12. Wọn kì í gé èyí tí ó bá ṣẹ́kù dànù; ńṣe ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ sínú, kí ẹni tí ó sanra ju oníǹkan lọ lè rí aṣọ tú sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì gùn, kò fún. Mo fa òwú kan lábẹ́ apá, ó sì ń tú bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé etí ìsàlẹ̀, láìdá ihò kankan sí aṣọ lára. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà wọn fi lè tú kìmónò palẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní pẹlẹbẹ, kí wọ́n nà án gbẹ, kí wọ́n sì tún un rán fún ọmọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi tí ó dúró tì mí bèèrè ibi tí dáàtì wà, ìyẹn ibi tí a ń ṣẹ́ aṣọ pọ̀ rán kí ó lè bá àyà àti ìbàdí mu. Kò sí dáàtì kankan nínú rẹ̀. Ọ̀já ìgbànú tí wọ́n ń pè ní obi, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 tí gígùn rẹ̀ sì lé ní mítà 4, ni ó ń fún aṣọ náà ní ìdí àti àyà. Ẹni tí ó ti to aṣọ òkè pọ̀ rí á tètè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀: òfì ni ó ti pàṣẹ bí aṣọ yóò ti fẹ̀ tó, ara ènìyàn ni yóò bá aṣọ mu, agbádá pàápàá kì í tẹ̀lé ìbàdí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi àgbà hun aṣọ lórí òfì obìnrin, èyí tí ó máa ń dúró ti ògiri tí aṣọ rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bá fi síṣọ́ọ̀sì gé aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun, láìsí ìdí pàtàkì, kò yàtọ̀ sí ọ̀bàyéjẹ́.

Ibi tí Yoshiki ti gba máàkì jù lọ lọ́wọ́ mi ni ojú aṣọ. Dúdú, pupa bí ẹ̀jẹ̀, òdòdó róòsì, dírágónì, àti àwọn akọni inú ìwé aláwòrán ni ó kó sórí rẹ̀, tí wọ́n tóbi tó kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá rí wọn. Stan Lee, ará Amẹ́ríkà tí ó wà lára àwọn tí ó dá ọ̀pọ̀ akọni inú ìwé aláwòrán, ti sọ Yoshiki fúnra rẹ̀ di akọni nínú ọ̀kan, akọni yẹn náà sì wọ orí kìmónò. Ẹni tí ó bá bínú pé wọ́n fi àwòrán ọmọdé ba aṣọ àwọn baba jẹ́ kò mọ ìtàn aṣọ náà. Àwọn aláró Kyoto ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní yuzen, tí wọ́n fi orúkọ Miyazaki Yuzen pè, ayàwòrán orí abẹ̀bẹ̀ kan tí ó gbé ayé ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Lẹ́ẹ̀ ìrẹsì ni wọ́n fi ń fa ìlà yí àwòrán ká, kí aró tí wọ́n bá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn má baà ṣàn kọjá ààyè rẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ láfún sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ kí aró má baà mu ibẹ̀ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò aró ni tiwa ń wọ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun tiwọn. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, àwọn ọkùnrin Jàpáànì ń wọ kìmónò tí òde rẹ̀ ṣókùnkùn bí aṣọ ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n tí ìtẹ́nú rẹ̀ kún fún ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú irin àti ilé gogoro. Ohun tí àwọn baba ń fi pamọ́ sínú ni Yoshiki yí síta.

Àríyànjiyàn tí mo bá a ní lórí àwòrán náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó wà. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aládìrẹ wa ya òun àti ayaba rẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n sì pe aṣọ náà ní Ọlọ́ba. Ẹni tí ó bá wo Ọlọ́ba lónìí lè má tilẹ̀ mọ̀ pé òyìnbó ni ọba tí ó wà níbẹ̀, nítorí àwọn aládìrẹ ti fi ọwọ́ ara wọn tún ojú, adé àti ìjókòó rẹ̀ yà títí ó fi di ọnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjàpá tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun sára aṣọ tí àwọn ará Kàlàbàrí àti Ìjọ́ ń rà lọ́wọ́ wọn láyé àtijọ́: ẹ óò rí i lórí aṣọ náà bí ìlà àti igun, kì í ṣe bí ẹran tí ń rìn. Àwọn akọni orí Yoshikimono kò tíì dé ibẹ̀. Ó dà bíi pé láti ojú ìwé ni wọ́n ti gbé wọn tààrà sórí ṣẹ́dà, láìdúró lọ́dọ̀ aláró kankan. Aṣọ tí ọmọ lè jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò yẹ kí ó gbé ojú tí ọmọ náà kò ní mọ̀ mọ́ lẹ́yìn ogún ọdún. Òdòdó róòsì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò sí ẹni tí yóò bèèrè ẹni tí róòsì jẹ́.

Ní ti wíwọ̀, ó la iwájú aṣọ sílẹ̀ kí itan àti ẹsẹ̀ lè hàn, ó jẹ́ kí èjìká jáde, ó sì fi bàtà gogoro rọ́pò sálúbàtà pẹlẹbẹ tí àwọn ìyá wọn ń wọ̀. Mo mọ ohun tí ó ń wá. Kìmónò tí wọ́n bá dì bí ó ti yẹ máa ń fún ẹsẹ̀ pọ̀, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò lè ju ìgbésẹ̀ kéékèèké lọ, kò sì sí ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń sáré lé bọ́ọ̀sì tí yóò fara mọ́ ọn lójoojúmọ́. Bí àwọn arẹwà rẹ̀ ti ń bọ̀ tí iwájú aṣọ ń fò sẹ́yìn, tí apá gígùn, èyí tí ó lè ju mítà kan lọ lára kìmónò àwọn omidan, ń fì síwájú fì sẹ́yìn pẹ̀lú orin, ẹni tí ó mọ ìlù ni ó gé e, kò sí àní-àní. Apá yẹn nìkan tó kí n dárí ọ̀pọ̀ nǹkan jì í.

Síbẹ̀, ó pàdánù nǹkan kan tí mo rò pé ó yẹ kí ọmọ oníkìmónò mọ iye rẹ̀. Níbi tí aṣọ òyìnbó ti ń fi àyà tàbí ẹsẹ̀ ṣe ẹwà, ẹ̀yìn ọrùn ni kìmónò fi ẹwà obìnrin sí: wọ́n á fa ọrùn aṣọ sẹ́yìn díẹ̀, kí ibi tí irun parí sí lè hàn, gbogbo ìyókù á sì wà ní bíbò. Ìwọ̀nba ara díẹ̀ tí ó hàn yẹn ni ó ń mú kí ojú wá a. Bí a bá wá ṣí èjìká, tí a ṣí itan, ẹ̀yìn ọrùn kò ní iṣẹ́ kankan mọ́, aṣọ náà á sì dà bí ẹ̀wù ìtàgé èyíkéyìí láti ìlú èyíkéyìí, àfi ti apá gbọọrọ àti ọ̀já tí ó kù. Ọkùnrin tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́rùn nítorí bí ó ti ń ju orí nídìí ìlù, ọrùn ni ibi tí mo rò pé yóò ti ṣọ́ra jù!

Níbí ní Ìjẹ̀bú, ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ̀ bóyá aṣọ dára fún òde. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn regberegbe, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, bá ń tò kọjá ní Ìtòrò, oòrùn á mú, ìlù á dún, a ó jó, a ó sì kúnlẹ̀ kí a tó dìde kí àwọn mìíràn lè bọ́ síwájú. Aṣọ tí a kò bá lè kúnlẹ̀ nínú rẹ̀ láìfi ọwọ́ di iwájú mú, aṣọ fọ́tò ni. Mo fi ojú inú wo ẹgbẹ́ mi nínú aṣọ Yoshikimono tí a là níwájú, mo sì rẹ́rìn-ín. Kìmónò àtijọ́ tí ó wà lórí tábìlì mi yóò yege nínú ìdánwò yẹn wẹ́rẹ́, nítorí àwọn ará Jàpáànì náà ń kúnlẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mu tíì àlejò nínú rẹ̀.

Ọ̀ràn tí ó tóbi jù ni pé ìpàtẹ náà kò fọwọ́ kan àìsàn tí ó ń ṣe kìmónò ní tòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Jàpáànì kò kórìíra kìmónò. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ ayẹyẹ ìdàgbà tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ Ajé kejì oṣù kìíní, wọ́n ń wọ̀ ọ́ síbi ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ wọn sì ń yá a wọ̀ fún ọjọ́ kan péré. Ohun tí ó sọ ọ́ di aṣọ ọdún kan ẹ̀ẹ̀kan ni pé kò rọrùn fún wọn láti dì í fúnra wọn, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń san owó fún kí ó wá dì í. Owó rẹ̀ sì ga, nítorí kìmónò ṣẹ́dà tuntun tí ó yẹ òde àti ọ̀já rẹ̀ lè gba ọ̀kẹ́ àìmọye yen. Irú ìṣòro yìí bá wa lórí gèlè. Ìgbà kan wà tí obìnrin tí kò mọ gèlè wé á jí dé ṣọ́ọ̀bù onígèlè ní kùtùkùtù, títí tí àwọn kan fi rán gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, tí a kàn ń gbé lé orí bíi fìlà. Àwọn àgbà kan kò tíì gbà á títí di òní, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin ń wé gèlè. Ọ̀já tí wọ́n ti dì sílẹ̀ wà ní Jàpáànì náà, àwọn tí ojú wọn ga sì ń fojú kéré rẹ̀. Bí irú Yoshiki, tí òkìkí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bá gbé e sórí ìtàgé tí ó fi róòsì dúdú sí i lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò tún fojú kéré rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó gbé síbẹ̀ dípò rẹ̀ ni aṣọ tí ó ṣì nílò ènìyàn mìíràn kí a tó lè wọ̀ ọ́.

Aṣọ náà ti rìn jìnnà. Ó wà lára èyí tí ilé ìṣúra Victoria and Albert ní London pàtẹ ní 2020 nínú àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe lórí kìmónò. Ní 2024, Yoshiki tún gbé ilé oge mìíràn, Maison Yoshiki Paris, jáde ní Milan. Ti ìdílé rẹ̀ ni ó jẹ mí lógún.

Ó dára kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí àwa náà ń tà ní kìmónò, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣágámù tí ẹ óò wọ̀ tí ẹ kò ní rí i: ẹ̀wù ṣífọ́ọ̀nù tàbí àdìrẹ tí iwájú rẹ̀ là, tí apá rẹ̀ fẹ̀, tí a ń wọ̀ lé ṣòkòtò tàbí gáúnù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n gé ní abẹ́ apá bí ẹní gé búbà, tí àjákù rẹ̀ sì kún ilẹ̀. Lẹ́yìn tí mo tú ti Osaka palẹ̀, mo gé ọ̀kan lọ́nà tiwọn. Aṣọ òkè ni mo kọ́kọ́ dán wò, apá rẹ̀ sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń fa èjìká wálẹ̀, ó ń na aṣọ náà ní ọrùn. Àdìrẹ olówùú tí kò nípọn ni ó gbà á. Mo fi ọwọ́ rán etí rẹ̀, n kò gé ohunkóhun kúrò ju ibi tí ọrùn yóò wọ̀ lọ, obìnrin tí ó rà á sì ti padà wá béèrè òmíràn fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ de tiyín mọ́ra níwájú, ẹ jọ̀wọ́, kí apá òsì bo apá ọ̀tún. Ní Jàpáànì, òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ní òdì-kejì, ìgbàkígbà tí mo bá sì rí i bẹ́ẹ̀ níbi àríyá, ara mi kì í lélẹ̀.

Ta ni kí ó wá ra Yoshikimono? Olórin tí ó fẹ́ gun orí ìtàgé, tàbí ẹni tí ó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, tí ó sì ní ògiri tí ó fẹ̀ tó láti nà án sí. Àwọn wọ̀nyí yóò jẹ ìgbádùn owó wọn, nítorí ojú aṣọ náà kò ní àbùkù. Ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò wọ̀ lọ sí ìnáwó, kí ó wá ògbólógbòó kìmónò ṣẹ́dà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bọ̀ láti Jàpáànì, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, kí ó sì gbé e lọ bá aránṣọ tí kò ní yára mú síṣọ́ọ̀sì. Bí Yoshiki bá sì wá rán ọ̀já tí ó ti dì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú róòsì yẹn, mo ti ní àdìrẹ tí n óò fi í dè, àwọn ẹgbẹ́ mi méjì sì ti ní kí n má gbàgbé àwọn.